Àyè Ìka Mẹ́rin

Ẹ bá mi wí fún Ràzákì aránṣọ. Ẹni yòówù kó gun alùpùpù kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójú ọ̀nà Ìpinlẹ̀, bó ti wù kó sáré tó, Ràzákì á ti mọ ìwọ̀n èjìká rẹ̀, á sì ti rí ibi tí aránṣọ mìíràn ti ba ṣòkòtò rẹ̀ jẹ́. Ojú yẹn kì í tàn án. Ìyàwó ara rẹ̀ nìkan ṣoṣo ló ṣì wọ̀n.

Ọ̀rọ̀ kan ló wà lẹ́nu gbogbo oníbàárà ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀: "Ràzákì, fi àyè sí i o, mo ṣì ń jẹun." Ràzákì á rẹ́rìn-ín, á sì fi àyè sí i. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, aṣọ tó bá fún máa ń ba ẹni jẹ́ láwùjọ. Bó bá fún mọ́ ọkùnrin, wọ́n á ní aṣọ àbúrò rẹ̀ ló gbé wọ̀. Bó bá fún mọ́ obìnrin, wọ́n á ní ahun ni ọkọ rẹ̀. Bàbá tó bí Ràzákì ló kọ́ ọ níṣẹ́, bàbá náà kì í sì í gé aṣọ láìfi ìka mẹ́rin kún un kí ara lè rí ibi mí. Ìka mẹ́rin yẹn ni ogún tí Ràzákì jẹ. Bí ẹ bá ní kó yọ ọ̀kan kúrò níbẹ̀, ìjà dé nìyẹn.

Wàsílátù, ìyàwó rẹ̀, kì í ṣe ọmọ oko. Etí odò Wẹ̀mẹ̀ ni wọ́n bí i sí, láàárín àwọn tó ń rì wọ inú omi lọ bá ẹja nílé rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò bí ọkùnrin, ló bá kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ níṣẹ́ ìdílé: kéèyàn fa èémí kan ṣoṣo sínú, kó pa ẹnu dé, kó mú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́, kó lọ dúró jẹ́jẹ́ nísàlẹ̀ títí ẹja á fi gbàgbé pé ènìyàn ni. Nígbà tó fẹ́ Ràzákì tó di ará Àjà-Wẹ̀rẹ̀, oko àgbàdo àti oko ẹ̀gẹ́ ló yí i ká, omi rẹ̀ sì jìnnà. Àfi ọjọ́ tí wọ́n mú un gba ẹ̀yìn abúlé Masẹ̀ tó rí Ibú Olókùúta nísàlẹ̀ àfonífojì, níbi tí omi ìsun ti kó jọ sáàárín àpáta, tó jìn, tó sì mọ́ gaara ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Ó figbe ta bí ẹni tó pàdé ìyá rẹ̀ lọ́jà.

Omi náà mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tutù. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í gbóná láéláé, ká má tíì wá sọ ti àsìkò ọyẹ́. Òtútù sì ni ọ̀tá ẹni tó ń di èémí mú, nítorí gbígbọ̀n ló ń jẹ èémí náà tán. Ní ọyẹ́ èṣí, Wàsílátù rì lọ sísàlẹ̀, òtútù mú un, agídí kò jẹ́ kó gòkè, ẹja àrọ̀ ńlá kan ló ń ṣọ́. Ó kù díẹ̀ kó yọrí ni ojú rẹ̀ ṣú. Ràzákì jókòó sórí òkúta, ó ń jẹ ẹ̀pà ní tirẹ̀, ló bá rí i tó léfòó, tó da ojú bolẹ̀. Ràzákì kò mọ omi í wẹ̀, ó sì bẹ́ sínú rẹ̀. Bó ṣe fà á jáde, Ọlọ́run ló mọ̀. Ó ń gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ń pe orúkọ rẹ̀, títí obìnrin náà fi wúkọ́ tó sì mí. Ọwọ́ rẹ̀ tí Ràzákì dì mú tutù débi pé ó rò pé òun ti pẹ́ jù. Láti ọjọ́ náà, Ràzákì kì í jókòó létí omi mọ́. Etí kànga ilé pàápàá, ìdúró ló ń dúró síbẹ̀.

Ó ní kí ìyàwó òun má dé ibú náà mọ́. Wàsílátù gbọ́, kò janpata. Ẹ̀rín rẹ̀ ló lọ. Ẹ̀rín tó máa ń ti ikùn jáde, tí àwọn adìyẹ fi ń sá nínú àgbàlá, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ mọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí àlejò. Ràzákì ti rò pé òun fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ nígbà tó bá ń ránṣọ, àfi ìgbà tí ìdákẹ́jẹ́ dé tí kò sì lọ mọ́.

Wàsílátù fúnra rẹ̀ ló mú ọ̀rọ̀ aṣọ rọ́bà wá. Ìbátan rẹ̀ kan létí òkun ti sọ fún un pé àwọn tó ń fi ọ̀kọ̀ lépa ẹja nínú òkun ní aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ tí òtútù kì í ráyè wọlé. "Bàbá Rúkà, ẹ jẹ́ ká wá a," ló wí fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ ó máa wà létí omi, màá so okùn mọ́ra. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Bí òtútù bá mú mi nínú rẹ̀, màá fi ọ̀kọ̀ bàbá mi há àjà, n kò ní dárúkọ omi mọ́. Wàláhì." Ràzákì mọ̀ pé obìnrin náà kì í fi ìbúra ṣeré. Ó gbà.

Bí ọyẹ́ ọdún yìí ṣe wọlé, tọkọtaya gba Pòbẹ́ àti Àjàṣẹ́ lọ sí Kútọnú, níbi tí wọ́n ti ń ta fírípì, àwọn aṣọ àlòkù òkè-òkun. Wọ́n bá obìnrin kan tó ń jẹ́ Murielle níbẹ̀. Ẹrù àwọn eléré ìdárayá nìkan ló ń tà, ó sì so àwọn aṣọ rọ́bà kọ́ ara ògiri rẹrẹẹrẹ. Yorùbá rẹ̀ ní èdè Gùn nínú, àmọ́ ẹnu rẹ̀ dùn.

Wàsílátù na ọwọ́ sí ọ̀kan tó ní síìpù lẹ́yìn.

"Rárá, tántí," ni Murielle wí. "Ti àwọn tó ń gun ìgbì nìyẹn, orí omi ni wọ́n ń wà. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́ lọ sísàlẹ̀, omi á gba ojú síìpù wọlé sí yín lẹ́yìn. Tiyín rèé." Ó fa òmíràn wá, ẹ̀wù lọ́tọ̀, ṣòkòtò lọ́tọ̀, fìlà lára ẹ̀wù, kò sí síìpù, kò sí bọ́tìnnì. Ó yí inú rẹ̀ síta. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níta, ṣùgbọ́n inú jẹ́ rọ́bà lásán, ó rọ̀ bíi kànrìnkànrìn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ wọn níka. "Inú yìí ló ń mú ooru dúró. Omi ọṣẹ lẹ ó kọ́kọ́ dà sí i kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á fàya. Ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ara bí awọ. Bí àyè bá wà níbì kan, ẹ ti ra òfo, nítorí omi tútù á máa wọlé, á máa jáde, bó ṣe wù ú."

Méjì péré ló kù nínú irú èyí. Ọ̀kan kéré, ó dúdú, ó ti ṣá, àbùlẹ̀ sì wà lórúnkún rẹ̀. Èkejì tóbi, ó ń dán, àwòrán ewé àti koríko omi kún ara rẹ̀. Wàsílátù gbé kékeré mọ́ra, ojú rẹ̀ sì tàn. "Bàbá Rúkà, èyí ni."

Ràzákì wò ó. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni aṣọ tó máa fún mọ́ ìyàwó rẹ̀ ní ìdí, ní itan, ní àyà, ní ọ̀sán gangan, tí àwọn adẹ́mu Masẹ̀ á sì máa wò ó látorí ọ̀pẹ. Ohun kejì tó rí ni ẹnu ayé: ìyàwó Ràzákì aránṣọ ló gbé àbùlẹ̀ tó fún wọ̀ yìí? Ẹ wá wò ó o!

"Ńlá yẹn ló máa bá a mu," ló wí.

"Tọ́ntọ́n, bàbá wa, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín ni..." ni Murielle bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá mi, láti kékeré ni mo ti ń gé aṣọ. Ẹ má kọ́ mi. Àyè díẹ̀ kì í pa ènìyàn."

Àyè díẹ̀ kì í pa ènìyàn! Ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin ń sọ lójú obìnrin tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé lọ! Wàsílátù wo ọkọ rẹ̀, ó wo aṣọ kékeré náà, ó rántí pé ọkùnrin yìí kò fẹ́ wá tẹ́lẹ̀, ló bá gbé e kalẹ̀. Wọn kò tíì di ẹrù tán tí ọ̀dọ́kùnrin kan fi ra kékeré lọ.

Ní àárọ̀ ọyẹ́ kan tí ojú ọ̀run funfun, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ibú Olókùúta. Wàsílátù wọ aṣọ rọ́bà náà wẹ́rẹ́ bí ẹni wọ bùbá. Ìyẹn nìkan ì bá ti la Ràzákì lójú. Ó de ìgbànú olójé mọ́dìí, nítorí rọ́bà kì í fẹ́ rì, ó so okùn mọ́ ọn, ó mí, ó lọ. Kò pẹ́ rárá tó fi yọrí. Omi ti kún inú aṣọ náà, ó wú sí i lẹ́yìn, ó wú sí i níkùn, eyín rẹ̀ sì ń lu ara wọn kéké. Ràzákì fà á gun òkúta. Ọwọ́ rẹ̀ tutù gẹ́gẹ́ bíi ti èṣí.

Wàsílátù kò bú u. Ì bá bú u, ì bá sàn. Ó dé ilé, ó nu ọ̀kọ̀ bàbá rẹ̀ gbẹ, ó fi òróró pa á lẹ́nu, ó sì fi há àjà.

Ilé Ràzákì dákẹ́ láti ìgbà náà. Ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, oòrùn dé, àwọn ènìyàn ń sun oko, ọkùnrin náà sì ń ránṣọ bí ẹni tí wọ́n fi ṣe ẹrú. Ó mọ ohun tí òun ṣe. Ẹni tó bá bi í léèrè, á sọ pé oorun ni kò sùn dáadáa.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó wọlé wá mu omi, ó sì bá Wàsílátù lẹ́yìn ilé nídìí abọ́ ìfọṣọ ńlá. Kò sí aṣọ nínú abọ́ náà. Obìnrin náà ti ki ojú bọ inú omi, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí abọ́ mú, kò mira. Ó pẹ́. Nígbà tí Wàsílátù gbójú sókè tó rí i, ojú tì í bí ọmọ tó ń jí ẹran inú ìkòkò.

"Mo kàn ń wò ó bóyá èémí náà ṣì wà lára mi ni," ló wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Ràzákì lọ́kàn. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. "Wàsílà, èmi ni. Omi kọ́, aṣọ kọ́. Obìnrin yẹn sọ fún mi, mo fi agídí aránṣọ dá a lóhùn. Ojú ti èmi, mi ò fẹ́ káyé rí ọ nínú aṣọ tó fún, mo sì fi òtútù wọ̀ ọ́. Jẹ́ kí n gé e sí ọ lára."

"Mo ti búra, Bàbá Rúkà."

"Ìbúra ní ìtánràn. Èmi ni màá san án."

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá fẹ́ yí ìbúra rẹ̀ padà sí ohun tó dára, á bọ́ aláìní mẹ́wàá. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Ràzákì se ìrẹsì àti ẹ̀wà sílẹ̀ ní ojúde rẹ̀, wọ́n jẹ, wọ́n yó, wọ́n ṣàdúà. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn lọ tán, ó pe ìyàwó rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, ó sì fa okùn ìwọ̀n kúrò lọ́rùn.

Ó wọn ọwọ́ rẹ̀, ó wọn ọrùn, ó wọn itan àti ojúgun. Nígbà tó kan àyà, ó fi okùn yí i ká, ọpọlọ rẹ̀ ti ń wá ìka mẹ́rin.

"Ẹ dúró ná," ni Wàsílátù wí. "A kì í fi àyà òfìfo wọ omi. Ẹ jẹ́ kí n mí."

Ó pa ojú dé. Ó mí jáde pátápátá, Ràzákì sì fún okùn náà mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fa èémí sínú, láti ìsàlẹ̀ ikùn wá sí ìhà, láti ìhà wá sí àyà, títí dé ọ̀fun. Okùn náà ń yọ̀ lọ láàárín ìka Ràzákì. Ó rò pé ó tán, ó tún ń yọ̀. Ó kọjá ìka mẹ́rin bàbá rẹ̀, ó ṣì ń lọ. Ẹnu ya ọkùnrin náà. Òun ló rán aṣọ ìgbéyàwó obìnrin yìí, òun ló rán ti ìkómọ, òun ló ń rán ti Iléyá fún un lọ́dọọdún, kò sì mọ̀ pé inú rẹ̀ gbòòrò tó báyìí. Gbogbo àyè tó ti ń fi fún un láti ọjọ́ yìí, ara aṣọ ló ń fi í sí. Obìnrin náà ti gbé tirẹ̀ wá sínú ara.

"Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́," ni Wàsílátù wí bó ṣe ń mí jáde. "Àbí wọn ò kọ́ yín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́?"

Ràzákì mú ṣọ́ọ̀kì. Ó kọ ìwọ̀n méjèèjì sára tábìlì, ti òfìfo àti ti kíkún. Rọ́bà máa ń nà: kó fún mọ́ ọn ní òfìfo, kó sì nà tẹ̀ lé e dé kíkún. Iṣẹ́ tó délẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó bá gún rọ́bà já, omi ló ṣí ilẹ̀kùn fún. Ràzákì mú ọ̀rọ̀ náà tọ Oyèbánjí lọ, ẹni tó ń lẹ táyà ní oríta. Oyèbánjí yẹ aṣọ náà wò, ó yọ ṣùtì sí i. "Ojú àpá kò lè jọ ojú ara," ló wí, "àmọ́ àpá tèmi kì í jò." Ó fún un ní kóólù tó fi ń lẹ rọ́bà inú táyà, ó sì kọ́ ọ: kó fi í pa ojú méjèèjì, kó dúró títí kò ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, kó tó pa wọ́n pọ̀ kó sì tẹ̀ ẹ́. Wọ́n dán an wò lára ìgé kan tí wọ́n gé létí ẹsẹ̀ ṣòkòtò, wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì, wọ́n sì fà á títí. Kò já.

Ní ọjọ́ tó máa gé e gan-an, Ràzákì lé gbogbo oníbàárà lọ. Òjò àkọ́rọ̀ ti ń kùn lápá ìlà-oòrùn. Bó bá rọ̀, ẹrẹ̀ oko gbogbo ló máa ṣàn wọ ibú, omi náà á sì dọ̀tí di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Kò sí aṣọ mìíràn, kò sí ọ̀nà Kútọnú mìíràn lọ́dún yìí. Bí sísọ́ọ̀sì bá ṣìnà, ó parí. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sì la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Ó ní "Bísímílà," ó sì gé ìhà kan, ó gé èkejì. Ìka mẹ́rin bàbá rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ lé e kó má baà máa wò ó.

Ó lẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ rán an látìta, tí abẹ́rẹ́ kàn ń mú ìdajì rọ́bà, tí kò já sínú, bó ṣe máa ń rán etí agbádá tí a kò fẹ́ kí ojú okùn hàn. Nígbà tó ṣe tán, ojú ìránṣọ náà wọ́ díẹ̀ ní abẹ́ apá. Oníbàárà mìíràn ì bá ti dá a padà.

Àárọ̀ tí wọ́n tún lọ, àwọsánmà ti ṣú ní ìhà Kétu. Wàsílátù da omi ọṣẹ sínú aṣọ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìjàkadì. Ràzákì fà á níhìn-ín, ó tì í lọ́hùn-ún, àwọn méjèèjì ń mí hẹlẹhẹlẹ kó tó wọlé. Nígbà tó wọlé tán, kò sí ibi tí ìka kan lè gbà wọ̀ ọ́. Ó ju ìró tó fi bora sílẹ̀. Látorí ọ̀pẹ, Fákẹ́yẹ adẹ́mu pariwo: "Ìyá Rúkà, ẹ kú odò o!"

"Má wò wá, wo akèrègbè rẹ!" ni Ràzákì fèsì, ẹ̀rín sì fẹ́ pa òun fúnra rẹ̀.

Wàsílátù dùbúlẹ̀ sójú omi, ó gbá bìdọ́n, ike òfìfo ofeefee tí wọ́n so okùn mọ́, mú, ó ń mí díẹ̀díẹ̀. Ó fa ti ìkẹyìn, ó dorí kodò, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e láìta omi.

Ràzákì dúró. Okùn tí wọ́n so mọ́ Wàsílátù lára ń yọ̀ lọ lọ́wọ́ rẹ̀ bí okùn ìwọ̀n ṣe yọ̀ lọ́jọ́sí. Ó rí i pé òun náà ti di èémí mú. Èémí rẹ̀ tán, ó mí, ó tún dì í mú, ó tún tán. Okùn dúró. Omi dákẹ́. "Yá Allah," ló ń wí, "Yá Allah, má jẹ́ kí n ti ṣì í wọ̀n." Ó ti ń bọ́ bàtà láti bẹ́ sómi nígbà tí ojú omi là, tí Wàsílátù yọ, tó mí sókè, hìn-ín! Àrọ̀ kan tó nípọn bí itan ọmọdé ń jà lẹ́nu ọ̀kọ̀.

Ràzákì kò wo ẹja. Ó kúnlẹ̀ sórí òkúta, ó na ara, ó gbá ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú láàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó gbóná. Ó tún gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó gbóná lóòótọ́.

"Ṣé ẹ máa jẹ́ kí n gba ọwọ́ mi ni, àbí ẹ fẹ́ wọ̀n ọ́n?" ni Wàsílátù wí, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti ikùn jáde, tó gbá àpáta tó sì padà wá. Àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí ọ̀pẹ. Ràzákì gbọ́ ọ títí dé ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ó sì ní, "Alihamudulilai."

Wàsílátù ju ẹja sórí òkúta, ó padà síbi bìdọ́n. Ó fi èémí kún inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá, aṣọ náà sì nà tẹ̀ lé e. Ó tún lọ.

Ràzákì di okùn mú. Ó wo ojú omi títí tó fi pa dé, ó wá ibi tó tẹ́jú lórí òkúta, ó sì jókòó.